Ọ̀rọ̀ tí Sàlá sọ sínú fíìmù

                                        Ilé Àfáà Táhírù,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                        Asawase,
                                        Kùmásì, Gáánà.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1995.

Ẹ̀gbọ́n mi Jímọ̀h, ẹni ọ̀wọ́n,

Mo sàlámà sí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìgbúròó ara wa. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìlọrin? Ṣé ara ìyàwó yín ti le dáadáa lẹ́yìn ìbímọ? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó? Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá yín, ṣé ó ti ń rọlẹ̀? Ara tèmi le. Ìyá ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Ti Bàbá ni mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́, ṣùgbọ́n á yé yín bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ.

Ẹni tá a rán sí yín lọ́dún tó kọjá, gbólóhùn kan ṣoṣo ló bá wa jẹ́: pé àbúrò mi Sàláhúdéènì kú sí Wagadúgù, wọ́n sì ti sin ín. Ẹ kọ̀wé béèrè lẹ́ẹ̀mejì, mi ò dá yín lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ Sàlá bí wọ́n ṣe ń so rẹ́kọ́ọ̀dù méjì pọ̀ tí àwọn tó ń jó ò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá mú bírò, ọwọ́ mi kì í lọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, àwọn òyìnbó Jámánì mẹ́ta kan tó ń ṣe orin ijó dé síbí. Nígbà tí ẹ wà ní Kùmásì, kò tíì sí irú rẹ̀. Wọn ò ní onílù, wọn ò ní onígìtá. Ẹ̀rọ ni wọ́n tò sórí tábìlì tí wọ́n ń tẹ̀, ìró rẹ̀ á sì máa lu èèyàn láyà. Láti Àkrà ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ń lọ sókè títí dé Wagadúgù, obìnrin òyìnbó kan sì ń fi kámẹ́rà tẹ̀ lé wọn. Kì í ṣe eré nìkan ló ń yà. Bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí ọkọ̀ wọn ṣe ń bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn, gbogbo ẹ̀ ló ń yà. Wọ́n ń wá díjéè tí á máa fi rẹ́kọ́ọ̀dù mú àwọn èèyàn lára yá kí àwọn tó jáde. Wọ́n gbọ́ Sàlá níbi tó ti ń ṣeré ní Asafo, wọ́n ní òun làwọn fẹ́.

Inú Sàlá dùn débi pé kò lè jókòó. Bàbá ní ọmọ Àfáà kan ò ní tẹ̀ lé kèfèrí káàkiri torí ijó. Òun àti Sàlá jà sí i fún ọjọ́ mẹ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, Bàbá dúró sí àgbàlá níwájú gbogbo ayálégbé, ó ní, "Tó o bá ti fi lè lọ, ilé yìí kì í ṣe ilé rẹ mọ́. Ohun yòówù tó bá ṣe ọ́ lọ́nà, má jẹ́ kí wọ́n gbé ọ wá bá mi." Sàlá gbé àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Kwasi, awakọ̀ tó gbé wọn, mú báàgì Sàlá wá fún wa. Ó ní ibà ni, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára gan-an kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọjọ́ kan péré ló lò ní ilé ìwòsàn. Àwọn Mùsùlùmí Háúsá tó wà níbẹ̀ ló kírun sí i lára. Bàbá ní, "Ìnnà lílàhì," ó wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ Sàlá mọ́. Èmi àti Ìyá rò pé inú ṣì ń bí i ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí ni Georgina wá bá mi. Ẹ máa rántí rẹ̀, ọmọ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Ashanti New Town. Ibì kan tí wọ́n ti ń fi fíìmù han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó ní fíìmù àwọn Jámánì yẹn ti dé, wọ́n sì ti fi hàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ó ní, "Ràzíátù, Sàlá wà nínú ẹ̀. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, èmi nìkan ni mò ń sunkún. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹ. Wá gbọ́ ọ fúnra ẹ."

Mo mú Ìyá dání. Fíìmù náà gùn tó wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀mẹta péré la rí Sàlá. Lákọ̀ọ́kọ́, ó sùn sínú ọkọ̀, ó forí ti gíláàsì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fi ẹ̀wù rẹ̀ nu rẹ́kọ́ọ̀dù. Ìyá ní, "Ẹ wo bó ṣe gbẹ." Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wà ní pápá bọ́ọ̀lù kan ní Tamale, oòrùn mú ganrín ganrín, èrò pọ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Obìnrin oníkámẹ́rà yẹn ní kó kí àwọn èèyàn ní èdè tirẹ̀. Ó gba máíkù. Òógùn bo ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ohùn tí àwọn díjéè fi ń gbé èrò dìde ló fi sọ ọ́:

"Bàbá mi, àsàlámù àláékúmù! Ara mi ò yá o! Òtútù ń mú mi nínú oòrùn! Mi ò lè sọ fún wọn, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé, ẹ̀yin sì ní kí n má wálé mọ́! Ẹ bá mi ṣàdúà, Bàbá mi!"

Gbogbo pápá hó yèè. Sàlámà nìkan ló yé wọn. Lábẹ́ àwòrán náà, wọ́n kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará Tamale! Ṣé ẹ ti múra tán láti jó?"

Ìyá ò pariwo. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ràzíátù, ṣé ohun tí mo gbọ́ ni ìwọ náà gbọ́?"

Ìbínú ni mo fi lọ bá Kwasi ní ibùdókọ̀. Mo ní ta ló kọ irú irọ́ yẹn? Kwasi dorí kodò. Ó ní bí Sàlá ṣe sọ̀ kalẹ̀, obìnrin yẹn bi í ní ohun tó sọ, Sàlá sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "I dey greet dem. I say make dem dance." Sàlá fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí mọ́.

Ìyá ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Bàbá gbọ́, pé ó máa pa á. Mo ní Bàbá ni Sàlá ránṣẹ́ sí, kì í ṣe àwa. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi fa ọ̀rọ̀ yìí kí Ìyá tó gbà. Mo yá kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ Georgina, a sì mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ ayálégbé wa tó ní fídíò, lẹ́yìn ìrun àsárì. Ilẹ̀ ni Bàbá ń wò ní gbogbo àkókò tí wọ́n ń jó. Nígbà tí ohùn Sàlá jáde, ó gbé orí sókè wàrà, ó ní, "Wà àláékúmù sàlámù, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ ìyókù.

Ó ní kí n dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà síbi tí Sàlá ti kí òun. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo dá a padà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà ló sì dáhùn. Ó wá bi mí ní ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Mo kà á fún un. Ó ní, "Ó mọ ọ̀rọ̀ bò. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Bàbá ò lọ sí ilé kéwú mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ á wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á tún máa lọ. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ ìtùnú.

Èmi àti Georgina kọ̀wé sí obìnrin Jámánì yẹn pé kó bá wa tún ohun tó kọ sísàlẹ̀ ṣe. Èsì rẹ̀ dé lánàá. Ó ní òun sunkún. Ó ní Sàlá ò jẹ́ kí òun mọ̀, pé ì bá ṣe pé òun mọ̀, àwọn ì bá ti gbé e padà sílé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta fíìmù náà fún àwọn tẹlifíṣọ̀n ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Ó tún ní ibi tí Sàlá ti ń kí àwọn ará Tamale yẹn ni àwọn èèyàn fẹ́ràn jù lọ.

Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi fi lọ lónìí. Àwa tá a gbọ́ ọ tó sì yé wa, a ò ju mẹ́rin lọ, Bàbá sì ti dàgbà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kó má lọ jẹ́ pé nígbà tí a ò bá sí mọ́, ohun tó máa kù láyé ni pé àbúrò mi ní kí àwọn èèyàn máa jó.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kí ẹ gbé ọmọ mọ́ra fún mi. Ẹ kí Bàbá yín, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ̀wé sí Bàbá mi, àbúrò wọn. Bóyá ó máa gbọ́ tiwọn.

Èmi àbúrò yín tí kò gbàgbé yín,

Ràzíátù