Ìdáhùn Tí Dádì Fún Dókítà

Chatham, Chicago
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá

Àǹtí Ìbíyínká mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni mo jókòó sí. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ gbogbo èyí, ẹ má fi àṣìṣe mi rẹ́rìn-ín jù.

Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹ rántí pé Dádì kọ̀wé sí ìjọba pé èéfín tí àwọn fà símú nígbà tí àwọn ń ṣe ológun Amẹ́ríkà ní Iraq ló ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn jẹ́, ìjọba sì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo wá ka ìwé dókítà tí ìjọba ní kó yẹ̀ wọ́n wò: “Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun, òun dúpẹ́.” Àṣé dókítà béèrè pé báwo ni ara, Dádì sì dá a lóhùn bí ẹni tó pàdé aládùúgbò ní Iléṣà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọ́ńkù Daud, tí wọ́n jọ ṣe ológun, ti bá wọn kọ ìwé ẹ̀rí nípa kòtò ńlá tí wọ́n ti ń sun táyà, ike àti epo, tí Dádì fi oṣù mẹ́sàn-án ṣọ́. Nígbà tí Ọ́ńkù gbọ́ ìdáhùn yẹn, wọ́n kígbe lórí fóònù pé, “Sájẹ́ńtì! Dókítà lo lọ rí ni, àbí àna rẹ lo lọ kí?” Dádì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dí wọn lẹ́nu.

Èmi náà ti kọ ẹ̀rí tèmi. Mo kọ ọ́ pé tí a bá ń gun àtẹ̀gùn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dádì máa ń dúró, tí wọ́n á gbé fóònù sétí bí ẹni pé ẹnìkan pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n, Àǹtí.

Inú wa dùn pé ìjọba ti gbà láti tún àyẹ̀wò náà ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Bó bá yọrí sí rere, ìtọ́jú wọn á di ọ̀fẹ́, wọ́n á sì lè dín iṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n Dádì ní, “Mi ò ní fi ẹnu ara mi pe àìsàn mọ́ra.”

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni ọmọ àbúrò yín,
Olúwabùsọ́lá

Ó ku ọ̀rọ̀ kan o: èmi ni mo máa tẹ̀ lé wọn wọlé lọ bá dókítà. Tí Dádì bá tún ní dáadáa ni, ṣé kí n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ bàbá mi lẹ́nu níwájú ẹni tí kì í ṣe ará ilé? Àbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn lẹ máa kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni kí n ṣe é?