Àpò Ìrẹsì Kì Í Ṣe Dókítà

Ojúlé 17, Òpópónà Adérẹ̀mí,
Ajégúnlẹ̀,
Àpápá, Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2008.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá èbúté. Ìyàwó wa Ràdíátù ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ara yín le? Ẹ má dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ara yín le koko, irọ́ sì ni. Inú ń bí mi, Bọ̀dá Sùlè. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti pè yín láti àárọ̀ tí ẹ ò gbé fóònù, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé.

Akpevwe tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló tú àṣírí yín láàárọ̀ yìí. Ó ní lánàá, níbi tí ẹ ti ń já ìrẹsì nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹnu yín ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìkọ́ tí ẹ fi ń fa àpò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ kò sì yé ẹnikẹ́ni. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Kí lẹ wá ṣe? Ẹ ní kí wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan wá. Òfin tí ẹ̀yin fóómàn fúnra yín ṣe ni, pé ẹni tó bá ṣàìsàn lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé àpò kan sórí lójú gbogbo èèyàn kó tó gba ìkọ́ rẹ̀ padà. Ẹ gbé e, wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹ ní, "Na small thing, e don go," ẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ràdíátù ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu yín.

Ta ló sọ fún yín pé àpò ìrẹsì ń yẹ ọpọlọ wò? Mo sáré lọ bi dókítà ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń tọ́jú fáìlì, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ọ̀nà nínú ọpọlọ yín fúngbà díẹ̀, pé bó ṣe lọ yẹn kì í ṣe ìwòsàn, ìkìlọ̀ ni, àti pé rọpárọsẹ̀ gan-an lè tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ méjì péré. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí wọ́n ya àwòrán orí yín, kí wọ́n tó mọ oògùn tó yẹ. Ó ní ẹ ò gbọdọ̀ dá oògùn kankan lò. Ọjọ́ kan ti lọ nínú méjì yẹn.

Àbí ẹ ti gbàgbé Bàbá? Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, ọwọ́ náà padà bọ̀ sípò, a tiẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọn ò lè dìde mọ́. Ọdún mẹ́fà lẹ fi wẹ̀ fún wọn, tí ẹ ń nu itọ́ ẹnu wọn, tí ẹ ń sunkún ní kọ̀rọ̀ kí n má baà rí yín. Mo rí yín. A ò mọ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ báyìí.

Akpevwe ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí yín, takisí tó gbé e wá ṣì ń dúró lẹ́nu géètì èbúté. Ẹ má kọ èsì, ẹ má gbé àpò kankan, ẹ wọ ọkọ̀. Mo ti gba káàdì ilé ìwòsàn fún yín. N ò ní kí ẹ bá mi kí Ràdíátù, mo ti pè é, òun náà ti wà lọ́nà ilé ìwòsàn.

Tí ẹ bá kọ̀, ẹ má retí pé èmi ni màá wẹ̀ fún yín. Irọ́ ni mo pa, màá wẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ wẹ̀ fún yín, Bọ̀dá mi.

Èmi ni àbúrò yín tí inú ń bí,
Tàwàkálítù.