Ẹ Má Hú Efinrin Ọgbà Mi

Èmi, Rhoda Ọlọ́runṣọlá Gbádéyan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Kàbà, ni mo ní kí wọ́n kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ọkàn mi balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Èyí tí mo kọ ṣáájú ti di asán. Àbúrò mi, Mary, ni kí ó pín ogún mi.

1. Ilé tí mo ń gbé di ti Ernest, àkọ́bí mi, yàtọ̀ sí ọgbà ẹ̀yìn rẹ̀. Ernest, mo gbọ́ pé o ti wọn ọgbà náà láti fi ṣe ibi tí wàá máa gbé mọ́tò sí. Máa gbé e síwájú ilé.

2. Ọgbà náà, pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá mi, di ti Testimony, ọmọbìnrin mi. Kò gbọdọ̀ hú efinrin, aáyù àti ata tí mo gbìn yí ẹ̀pà ká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń hú ẹ̀pà wa jẹ. Bàbá yín, Thomas, dẹ pàkúté. Adìẹ Andrew, aládùúgbò wa, ni ó mú. Andrew kò kí wa fún oṣù mẹ́ta. Mo ní kí a gbin ohun tí ọ̀kẹ́rẹ́ kórìíra òórùn rẹ̀. Thomas rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Ernest, ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè fún ọ̀kẹ́rẹ́ ni?”

Nígbà tí ó lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Odò-Àpé, mo gbìn wọ́n. Nígbà tí ó dé, ó rò pé torí ọbẹ̀ ilé ni mo ṣe gbìn wọ́n. Kò pẹ́ tí efinrin gbilẹ̀ tí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ fi ṣí lọ sí ọgbà Andrew. Lọ́jọ́ ìkórè, Thomas dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúpẹ́ pé pàkúté òun lé ọ̀kẹ́rẹ́. Àìsàn tó mú un lọ ti wọ ara rẹ̀ nígbà náà; ó pẹ́ tí mo ti rí i kí inú rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀. Mo ṣe àmín. Andrew, tí ó ti wá tọrọ ẹ̀ka efinrin lọ́wọ́ mi ní ìkọ̀kọ̀, bá mi ṣe é, kò sì tú àṣírí náà títí dòní.

3. Nítorí náà, gbogbo adìẹ mi di ti Andrew.

4. Pàkúté náà di ti Ernest, ẹni tó jogún ẹnu bàbá rẹ̀.

5. Ẹ sin mí sí ẹ̀gbẹ́ Thomas. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ efinrin yìí létí ibojì rẹ̀. Èmi fúnra mi ni n ó sọ fún un.

Mo fọwọ́ sí i ní Kàbà, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Rhoda Ọlọ́runṣọlá Gbádéyan

Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo fọwọ́ sí i:
Ṣeun Ayọ̀wálé
Virtue Ìyanuolúwa