Kíkó Àkọsílẹ̀ Ojú Kúrò Nílé

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ohun tí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ojú àwọn oníbàárà wa, jẹ lóṣù tó kọjá:
Díìsì méjì — 84,000
Bátìrì — 52,000
Ẹni tó tún ẹ̀rọ amúlétutù yàrá rẹ̀ ṣe — 19,500
Àpapọ̀, 155,500. Ó ku 638,900 ní báńkì, owó gíláàsì tí a fẹ́ rà kò sì tíì kúrò nínú rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, sáfà kú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Láti àárọ̀ títí a fi tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù awò wa. Tíṣà kan jókòó sórí àga wa, awò rẹ̀ tó fọ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́, kò lè rí ọ̀nà ilé. Ìwọ̀n ojú rẹ̀ wà nínú sáfà, sáfà kò dáhùn. Dókítà ní òun á tún ojú náà yẹ̀ wò. Obìnrin náà ní òun kò lówó àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan. Ọ̀fẹ́ la ṣe é. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: 7,000, a kò rí i gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Dókítà — àbúrò wa tó ń yẹ ojú wò, tó kàwé ju èmi àti Bọ̀dá lápapọ̀ — ní ká kó lọ sí kíláòdù. Ìyẹn ni pé gbogbo àkọsílẹ̀ wa á máa gbé nínú kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn lókèèrè, a ó máa bá a níbẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a ó sì máa san owó oṣù.

Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n wa, ló to sáfà wa jọ fúnra rẹ̀, òun ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ń jẹ búrẹ́dì nígbà tí Dókítà ń sọ̀rọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní ṣé ilé tí a kọ́ la fẹ́ fi sílẹ̀, ká lọ máa háyà yàrá.

Dókítà ní, "Bọ̀dá mi, ilé tó ń jò ni."

Bọ̀dá ní, "Ìwọ náà jò rí, lórí ẹní tèmi. A ò sọ ẹ́ nù."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6

Aláwọsánmà dé. (Bọ̀dá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta kíláòdù ni. Bàtà rẹ̀ ń dán.)

Mo bi í pé bí a kò bá rówó san lóṣù kan ńkọ́. Ó ní wọ́n á fún wa ní ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? "Wọ́n á tì í, Mà." Bí a bá wá fẹ́ kó ẹrù wa padà? Owó wà lórí ìyẹn náà. Wíwọlé lọ́fẹ̀ẹ́, jíjáde lówó. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Ó wo Dókítà. Dókítà ń wo òrùlé.

Owó àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà, 210,000. Mo kà á wò ní ìlà-ìlà. 85,000 nínú rẹ̀ jẹ́ "àtúntò orúkọ oníbàárà". Mo ní orúkọ tiwa wà létòlétò, kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́. Inú mi dùn títí mo fi délé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bọ̀dá bi í: bí òjò bá rọ̀, ṣé ẹrù wa ṣì máa wà lókè? Aláwọsánmà kò mọ̀ pé eré ni. Ó ṣàlàyé fún un dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Sáfà lóṣù: iná àti amúlétutù 48,000. Àtúnṣe, tí mo bá pín ti ọdún kan sí oṣù méjìlá, 27,000. Ó jẹ́ 75,000.
Kíláòdù lóṣù: 95,000. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára ju tiwa lọ, 18,000. Ó jẹ́ 113,000.

Sáfà ló dín. Mo ti fẹ́ kó ìwé nílẹ̀.

Àfi pé n kò tíì ka ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Owó oṣù Bọ̀dá, 60,000. Bí Bọ̀dá bá lọ, kíláòdù á fi 22,000 dín. Bí Bọ̀dá bá dúró, á fi 38,000 lé. Kò sí iṣẹ́ mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù tí mo lè fún un.

Gbogbo rẹ̀ wá dá lé orí ẹnì kan. Ẹni náà ló kọ́ mi ní ìsọdipúpọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo ti ìwé ìṣirò náà mọ́ inú àpótí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Ọjọ́rú, 12

Sáfà tún kú. Bọ̀dá wọ abẹ́ tábìlì lọ. Nígbà tó máa dìde, ó di ògiri mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. "Akápò, orúnkún mi náà fẹ́ máa gba owó oṣù." Orúkọ tó fi ń pè mí nìyẹn, Akápò.

Mo sọ fún Dókítà pé mo gbà.

Mo lọ bá Bọ̀dá lẹ́nu ọ̀nà yàrá sáfà. Bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ sórí ni mo ṣe sọ ọ́, pé a ń kó lọ, pé iṣẹ́ rẹ̀ á parí. Ó gbọ́ tán, ó ní èló ni ìyàtọ̀ rẹ̀ lóṣù. Mo ní 22,000.

Ó ní, "Ìṣirò ẹ dáa."

Ì bá sàn kó bínú.

Ọjọ́ Ajé, 17

Wọ́n ti kó àkọsílẹ̀ wa lọ sí kíláòdù. Sáfà ṣì máa ṣiṣẹ́ ní yàrá rẹ̀ títí di àárín oṣù tó ń bọ̀, nítorí àìmọ̀. Kíláòdù yára. Dókítà ń ṣí fáìlì lórí fóònù bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀. N kò rí nǹkan kan bá a wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ìyá Ìbejì wá gba awò tuntun. Ó wọ̀ ọ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó di kántà mú. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ilẹ̀ ń dìde bá mi." Agégíláàsì wa ní ohun tí òun rí lójú kọ̀ǹpútà lòun gé. Dókítà wọn awò náà. Ti ẹlòmíràn ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, a kì í kọ orúkọ àgbàlagbà gan-an sílẹ̀. Bàbá wa tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kò gbà. Ta ló máa pe orúkọ ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ gan-an ní kántà? Nítorí náà Ìyá Ìbejì la kọ, Bàbá Káfíńtà, Ìyá Oníṣẹ́-Irun. Nínú sáfà, oníkálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀, a kò sì ṣì wọ́n mú. Nọ́ńbà wa kò bá ti kíláòdù mu. Orúkọ ló tẹ̀ lé. Ẹni méjì tí orúkọ wọn bá jọra, ó pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan.

Ìyá Ìbejì mẹ́tàlélógún la ní. Ó sọ gbogbo wọn di obìnrin kan, ó fún un ní ojú ẹni tó dé kẹ́yìn.

A kà á títí: 412 ènìyàn ló dàrú.

Mo pe Aláwọsánmà. Ó ní, "Mà, iṣẹ́ yẹn ló wà ní ìlà tí ẹ ní ká yọ." Ó rọra sọ ọ́. 85,000.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: ká padà sí sáfà, ká gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ara mi fúyẹ́. Mo ti ń wò ó pé Bọ̀dá á dúró, n kò sì ní ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́ fún ara mi.

Bọ̀dá ló kọ̀. Ó ní díìsì kan ló kù tó ń mí dáadáa. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kú lọ́jọ́ kan tí kò ní jí, ẹ wá wo iye ènìyàn tó máa jókòó sórí àga yẹn." Lẹ́yìn náà ló ní ká fún òun ní fóònù.

Ó fẹ́ pe gbogbo wọn.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹrin

Bọ̀dá ń pè wọ́n láti àárọ̀ dé ọ̀sán, nọ́ńbà sáfà lápá òsì, kíláòdù lápá ọ̀tún. Mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó. "Ẹ kúulé o, Mà. Ṣọ́ọ̀bù awò ni. Ẹ má bínú, kí ni orúkọ tí bàbá yín sọ yín?"

Ìyá kan rẹ́rìn-ín títí. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, ẹnikẹ́ni kò bi òun léèrè orúkọ. Òmíràn ní òun kò ní sọ orúkọ fún ọkùnrin lórí fóònù, kó kọ́kọ́ wá tọrọ òun nílé. Bọ̀dá ní, "Mà, ìgbà wo ni kí n wá?" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ìpè tó tẹ̀ lé e, ọmọ ló gbé e. Ìyá ti lọ, ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Bọ̀dá kí i kú ará-fẹ́-ra-kù. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà.

Ó ṣì í ní ibi méjì lánàá. Dókítà tún un ṣe, kò sọ fún un.

Orúkọ kọ̀ọ̀kan tó bá yanjú, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń dín kù. Ó mọ̀. A mọ̀. Mo po tíì fún un, n kò ka ṣúgà tí mo fi sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Nínú 412: a rí 391. Mẹ́tàdínlógún kò gbé ìpè. Mẹ́rin ti kú.

Ìyá Ìbejì àkọ́kọ́ gba awò rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó tún rìn padà. Ó ní ilẹ̀ ti sùn.

Ọjọ́ Ajé, 14

Bọ̀dá pa sáfà lónìí. A kò mọ̀ pé ó ń pariwo àfìgbà tó dákẹ́. Agégíláàsì gbórí sókè, ó ní kí ló dé.

Mo ti ṣírò ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀: owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ọdún mọ́kàndínlógún. Mo mọ̀ pé n kò lè san án tán, ni mo bá mú 200,000 dání kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ fún òun lówó káàdì ìpè, 6,200. Mo kà á fún un. Ó kì í bọ àpò.

Mo na 200,000 náà sí i. Ó ní ti kí ni.

"Ti iṣẹ́ yín ni, Bọ̀dá."

"Òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń san ìyẹn fún. Mo rò pé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo wà."

Kò gbóhùn sókè. Ó mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lára ìlẹ̀kùn. Ó ní kí n rí i pé mo ti fèrèsé ẹ̀yìn.

Mo jókòó pẹ̀lú owó náà lọ́wọ́. Kí n má parọ́ fún ìwé: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé 200,000 ṣì wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú tì mí.

Káàdì ìpè — 6,200. Mo ti san án.
Kíláòdù, oṣù yìí — 95,000. Mo ti san án.
Ó kù ní báńkì — 371,450.
Ẹ̀tọ́ Bọ̀dá — 1,140,000. Kò gbà á, n kò sì lè fi kálàmù pa á rẹ́. N kò tíì san án.