Àwòrán Inú Màríámọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Ṣàmsúdéènì,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara wa le ní Niamey; ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá àwọn ọmọ mi ti fúyẹ́.

Ẹ ní kí n jáwọ́ nínú ẹjọ́ Màríámọ̀, aláṣọ àdúgbò Boukoki níbí, tí wọ́n gbàgbé aṣọ ìnu-ẹ̀jẹ̀ sí i níkùn nígbà iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn kan. Mi ò jáwọ́ o. Èmi tí mo ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tó ń rìn jẹun ni mo ya inú rẹ̀ fún adájọ́. Ọ̀gá ilé ìwòsàn náà wá bá mi nílé: "Madame, pa aṣọ yẹn rẹ́ nínú àwòrán náà, bí o bá ṣì fẹ́ ríṣẹ́ ní ìlú yìí." Mo ní, "Ibi tó wà ni mo yà á sí."

Lánàá ní kóòtù, agbẹjọ́rò ilé ìwòsàn náà ní eré ọmọdé ni àwòrán tó ń rìn. Adájọ́ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó bi dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà pé, "Ṣé irọ́ ni?" Dókítà yíjú sí agbẹjọ́rò rẹ̀. Adájọ́ dá Màríámọ̀ láre.

Iṣẹ́ méjì ti bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí ẹjọ́ yìí. Ẹ bá mi tọrọ òmíràn lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi tọrọ ìbẹ̀rù. Kí Ó dá yín sí fún wa.

Àbúrò yín,
Sùmáyà