Kò Sí Agùntáṣọọ́lò Nínú Ìwé Wọn

Ungwan Shanu, Kaduna,
Ọjọ́ Àìkú, oṣù kọkànlá, ọdún 1963.

Ganiat, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ títí, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Èkó. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa tu aláìsàn lára, kí àìsàn wọn má sì ràn ọ́. Ara bàbá rẹ le, àwọn ọmọ kéú rẹ̀ ti pé méjìlá. Ara tèmi náà le.

Bí mo ṣe ń ṣe láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti abúlé dé nìyí. Bí mo bá kírun tán, mo máa ń mú ọwọ̀, mo máa gbá ọ̀ọ̀dẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ibi ẹ̀rọ omi, mo máa pọn korobá méjì kí èrò tó dé, mo máa fi etí ìró nu ọwọ́, lẹ́yìn náà ni mo máa wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn ọkọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn àbúrò bàbá rẹ márààrún tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìhunṣọ ní apá Kudenda. Mo máa ní Agùntáṣọọ́lò, ẹ káàárọ̀ o, ó máa dáhùn láti inú yàrá pé ìyàwó, ṣé dáadáa la jí. Mo máa sún sí ẹnu ọ̀nà Akọ̀wé, láti ibẹ̀ sọ́dọ̀ Adúmáadán àti Eyínfúnjowó, mo máa wá parí rẹ̀ sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn mi ni mo ń pọ̀n ọ́n sí nígbà tí wọ́n mú mi wọlé. Ìwọ náà mọ̀ pé wọ́n ti bí gbogbo wọn kí n tó dé, ìyàwó ilé wa kì í sì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Orúkọ tí mo fún wọn lọ́dún yẹn ni mo fi ń pè wọ́n di òní. Bí mo bá kí wọn tán, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ, ilé á dákẹ́. Hausa ni àwọn ará àdúgbò ń sọ. Wọ́n á ní sannu, èmi náà á ní sannu, ọ̀rọ̀ wa á sì tán títí di ọjọ́ kejì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìmọ̀ràn rẹ, tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní aṣọ rírán lọ́sàn-án. Ìwé tí mo kọ́ ní ẹ̀kọ́ àgbà lábúlé ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ tibí yìí pọ̀. Kí wọ́n tó gé aṣọ, wọ́n á kọ́kọ́ gé e ní bébà. Mo rò pé nítorí àwọn tí kò rówó ra aṣọ ni. Olùkọ́ wa, Míìsì Túndùn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù ọ́ lọ, ṣàlàyé pé ibi tí a bá ti rí ìlà tóótòòtó lórí bébà, ibẹ̀ ni kí abẹ́rẹ́ gbà. Mo di ẹ̀kọ́ yìí mú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa, ó kún fún ìlà tóótòòtó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rán gbogbo rẹ̀. Òwú dúdú ni mo lò, mo sì so ìdí rẹ̀ kí ó má baà tú. Míìsì wò ó, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní kò sí ẹni tí ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tó báyìí ní kíláàsì, ó wá fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn.

Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni Harriet, tó jókòó tì mí. Yorùbá ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, Doka níbí ni wọ́n bí i sí, bí nǹkan bá sì ń kán an lójú, Hausa ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ kìíní láìsọ nǹkan kan. Mo rí i pé bó bá ti mú àlùmọ́gàjí, ó máa ń mí kanlẹ̀, aṣọ á sì wọ́. Ó ní òun náà rí i pé mo máa ń to ọ̀rọ̀ sínú pẹ́, tí mo bá fi máa la ẹnu, àwọn èèyàn á ti kúrò níbẹ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: mo ń bá a gé aṣọ, ó ń bá mi béèrè ohun tí kò bá yé mi.

Ganiat, kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ní ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta tí wọ́n máa ń yá àwọn tó bá ṣe dáadáa fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òwò tiwọn. Àmọ́ ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ ti ránṣọ fún oníbàárà, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé oníbàárà náà, orúkọ, ìwọ̀n àti ọjọ́. Mo fẹ́ ẹ̀rọ yẹn débi pé mo máa ń fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ kí n tó jáde. Mo wá ń rò ó pé níbo ni mo ti fẹ́ rí oníbàárà ní ìlú tí n kò mọ ẹnikẹ́ni. Harriet ní kí n fi ọkàn balẹ̀. Moses, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní iléeṣẹ́ ìhunṣọ yẹn gan-an, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa rán kóòtù iṣẹ́. Ẹnu yà mí pé ilé tí aṣọ ti ń jáde kò lè rán tiwọn, àmọ́ n kò sọ ọ́ síta. Moses ní ká rán márùn-ún wá kí òun wò ó. Àwọn ọkọ mi márààrún dúró fún mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo fi téèpù wọ̀n wọ́n, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo rán an, mo di kóòtù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo kọ orúkọ sára rẹ̀. Harriet gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ẹrù náà padà dé. Moses bá Míìsì sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù pé òun ka ìwé géètì tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Agùntáṣọọ́lò níbẹ̀, àfi bí àwọn kan bá fẹ́ ti òṣìṣẹ́ tí kò sí láyé wọlé. Mo dúró, mo ń wo wáyà náà. Bí ẹjọ́ mi ṣe gùn tó nínú rẹ̀, wáyà náà kò wú. Míìsì wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé kí n kọ orúkọ wọn gan-an sínú ìwé kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ló máa gba ẹ̀rọ.

Mo mú pẹ́ńsù. Kì í ṣe pé n kò mọ orúkọ wọn, ọdún kejìlélógún rèé. Ọwọ́ mi ni kò lọ. Harriet ní kí n sọ ọ́ sí òun létí, mo ní pípè náà nìyẹn. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní òun á bá mi kọ ọ́, àmọ́ ọwọ́ tèmi ni Míìsì fẹ́ rí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bẹ Harriet kó mú mi dé géètì wọn ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Èrò pọ̀ lọ bí omi. Moses jáde pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lábíyá, ó béèrè pé Adúmáadán tí mo sọ yìí, ṣé ayé ló wà ni àbí ọ̀run, àwọn tó dúró tì í sì rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí gan-an. Mo wá ṣe ohun tí mo máa ń ṣe láràárọ̀. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ní Agùntáṣọọ́lò o. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín èrò pé, “Ìyàwó, kí ló dé?” Mo pe Akọ̀wé, ó dáhùn. Mo pè wọ́n tán, àwọn márààrún dúró níwájú Moses, wọ́n gbé kóòtù wọ̀, kò sí èyí tó fún, kò sí èyí tó tóbi.

Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí mo ti ń rí lára aṣọ wọn lórí okùn láti oṣù mẹ́jọ. Idẹ róbótó kan wà láyà ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ sábẹ́ kóòtù, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Mo bi Moses bóyá nọ́ńbà yẹn wà nínú ìwé rẹ̀. Ó ní òun ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó wo orúkọ. Mo yọ pẹ́ńsù, mo kọ 214 sí iwájú Agùntáṣọọ́lò, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù, nítorí kò sí ẹni tó ka nọ́ńbà léèwọ̀ fún ìyàwó ilé wa. Moses gba ìwé náà, ó fi wé tirẹ̀.

“Màmá,” ló wí, “ogójì kóòtù ló kù. Àwọn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn lórúkọ o.”

Ẹ̀rọ náà ti wà lẹ́bàá fèrèsé wa láti ọjọ́ Ẹtì. Ìró tí mo fi pọ̀n ọ́ ni mo fi bò ó. Harriet á máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, èmi á máa gé. Míìsì wá béèrè orúkọ tí a máa kọ sí pátákó ìta. Mo ní kí wọ́n kọ Ìyàwó. Ó ní ìyàwó wo. Lábúlé, Ìyá Ganiat ni mo ń jẹ́, níbí, Ìyàwó, Harriet pàápàá, Màmá ló ń pè mí.

Jọ̀ọ́, bí wọ́n bá fún yín lówó oṣù, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n fi ra pákó àti ọ̀dà. Bí kò bá tíì sí, má yá owó o, aṣọ á dúró fún pákó náà ná. Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi, wàá parí ẹ̀kọ́ rẹ láìtún un ṣe, ẹni tí o bá sì fún lóògùn á dìde rìn lọ sílé.

Harriet yà síbí láti ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ó fi pẹ́ńsù to orúkọ mi gan-an ní tóótòòtó sórí aṣọ funfun kan. Lọ́la, bí mo bá kí àwọn ọkọ mi tán, tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ, mo máa jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo máa rán an.

Èmi ìyá rẹ,
Alimat.