Ọ̀rọ̀ Kan Tó Fẹ́ Lé Yọ̀mí Lọ

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án 2025
Yọ̀mí, àfẹ́sọ́nà mi, wá kí Dádì lónìí. Ọ̀gágun ni mò ń pe Dádì nínú ìwé yìí, torí ìjà tó bá àwọn ajagungbalẹ̀ jà kí ilẹ̀ wa ní Mowe tó di tiwa padà. Inú rẹ̀ ò tíì rọ̀ títí dòní.

Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Yọ̀mí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Mọ́mì gbé ìrẹsì wá. Àfi bí Yọ̀mí mi, ọmọ Arepo, ṣe lanu: “Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo kàn fẹ́ grab opportunity yìí láti sọ fún yín pé mo fẹ́ fẹ́ Ìbíwùnmí.”

Grab! Ara pátákó ìkìlọ̀ nìkan ni Ọ̀gágun ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn — land grabber, ìyẹn ajagungbalẹ̀. Ó fò dìde. “Kí lo ní o fẹ́ grab nínú ilé mi?” Yọ̀mí rò pé kò gbọ́ ni. Ó tún un sọ. Ó tiẹ̀ pariwo sí i!

Ajé, 8
Ọ̀gágun ní òun ò lè fi ọmọ òun fún ajagungbalẹ̀. Mo sunkún. Mo rántí bí Yọ̀mí ṣe pariwo, ẹ̀rín pa mí.

Ọjọ́bọ̀, 11
Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè níléèwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ibafo. Wọ́n ní ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Dọ́ọ̀ṣì, àwọn Dutch, ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí i: grabben. Kéèyàn na ọwọ́ já nǹkan mú lójijì. Wọ́n lè grab àkàrà, wọ́n lè grab àyè nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi gan-an, bí ìṣirò bá ti yé wọn — “Aunty, I don grab!”

Mo kà á fún Ọ̀gágun lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní irọ́ ni. “Grab, gbà! Ṣé o ò gbọ́ ọ ni? Ọ̀rọ̀ wa ni. Wọ́n já a gbà lọ́wọ́ wa ni!” Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo ní ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ta ló kọ ìwé?

Ẹtì, 12
Yọ̀mí pè. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ní Yorùbá lòun á máa sọ títí òun á fi kú.

Àbámẹ́ta, 13
Ọ̀gágun ń dá rẹ́rìn-ín ní bàlùwẹ̀. Ẹ̀mí mi balẹ̀ díẹ̀.

Àìkú, 14
Yọ̀mí padà wá. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó ti pọ̀ jù.

Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. “Dádì, mi ò wá já nǹkan kan gbà lọ́wọ́ yín o. Mo wá tọrọ ni.”

Ọ̀gágun wò mí bóyá èmi ni mo kọ́ ọ. Ọlọ́run gbọ́, èmi kọ́! Ó ní ẹni tó bá tọrọ la máa ń dá lóhùn. Ló bá yíjú sí mi: “Ìwọ ńkọ́, Ìbíwùnmí? Ṣé o gbà?”

Mo kúnlẹ̀. “Mo gbà, sà.”

Ó ní, “Èmi náà gbà.”